Ọ̀rọ̀ Tí Ń Gbé Eléré Ìdárayá Dìde

Ìṣẹ́jú 15 ni ìsinmi àárín eré bọ́ọ̀lù. Kí ló wà nínú ọ̀rọ̀ tí kóòṣì ń sọ láàárín àkókò yẹn tó fi ń wọ àwọn kan lára, tó sì ń gba etí àwọn mìíràn kọjá?

Alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2025 kò kọ́kọ́ dára fún àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà. Àṣekágbá ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ti àwọn obìnrin ló ń lọ lọ́wọ́ ní Rabat, olú-ìlú Mòrókò. Kí ìṣẹ́jú 25 tó pé, Mòrókò tó gba àlejò ìdíje náà ti gbá góòlù 2 sílé àwọn Super Falcons. Èrò onílé ló kún pápá ìṣeré, ariwo wọn sì ń gba òkè kan. Nígbà tí rẹfirí fọn fèrè ìsinmi, àwọn obìnrin náà forí lé yàrá ìmúra pẹ̀lú gbèsè góòlù 2 lọ́rùn.

Wọ́n jáde padà. Ní ìṣẹ́jú 64, Esther Okoronkwo gbá pẹ́nárítì wọlé. Ní ìṣẹ́jú 71, Folashade Ijamilusi sọ ọ́ di ọ̀mì, 2 sí 2. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú 2 kí 90 pé, Jennifer Echegini gbá ẹ̀kẹta wọlé. Eré parí sí 3 sí 2, Nàìjíríà sì gba ife náà fún ìgbà kẹwàá.

Lẹ́yìn irú eré bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan ló máa ń gba ẹnu gbogbo ènìyàn, ìbáà jẹ́ nílé, nínú ọkọ̀ èrò tàbí ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀: kí ni wọ́n sọ fún wọn nínú yàrá yẹn? Lóòótọ́, ẹsẹ̀ ló ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ẹnu kọ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti wà nínú ikọ̀ rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè gbé ẹni tó ti ṣubú dìde, ó sì lè tẹ ẹni tó wà lórí ìdúró mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì kan àwọn kóòṣì nìkan. Bàbá tó ń mú ọmọ rẹ̀ lọ síbi ìdíje eré sísá iléèwé, ìyá tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ jókòó ìdánwò JAMB lọ́la, olùkọ́ tí kíláàsì rẹ̀ ti sọ ìrètí nù, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe.

Nínú sinimá, kóòṣì a gun orí àga, a fọwọ́ lu tábìlì, iṣan ọrùn rẹ̀ a yọ síta, àwọn ọmọ a sì tú jáde bí ẹni tó ń lọ sójú ogun. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ayé ń rántí ní tòótọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ jọ èyí. Aristotle, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìsì tó gbé ayé ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn, sọ pé nǹkan mẹ́ta ló ń mú kí ọ̀rọ̀ yí èrò ènìyàn padà: ìwà ẹni tó ń sọ ọ́, ipò tí ọkàn ẹni tó ń gbọ́ ọ wà, àti ọgbọ́n tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó ní ìwà ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lágbára jù lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yàrá ìmúra àwọn eléré ìdárayá ti jẹ́rìí sí i léraléra.

Ẹnu kan náà, etí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ní oṣù keje ọdún 1974, Leeds United gba Brian Clough síṣẹ́ kóòṣì. Leeds ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gba líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Clough náà kì í ṣe ẹni tí a lè fojú di, nítorí òun ló mú Derby County gba líìgì kan náà ní ọdún 1972. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ẹnu rẹ̀ sì mú. Àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ló ti ń bú àwọn agbábọ́ọ̀lù Leeds nínú ìwé ìròyìn àti lórí tẹlifíṣọ̀n pé eré jàgídíjàgan ni wọ́n ń gbá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó sọ fún wọn pé kí wọ́n kó gbogbo mẹ́dà tí wọ́n ti gbà dà sínú garawa ìdọ̀tí, nítorí pé ojóóró ni wọ́n fi gbà wọ́n.

Àwọn ọkùnrin tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún làágùn fún mẹ́dà wọ̀nyẹn gbọ́ ọ, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ọkàn wọn. Ọjọ́ 44 péré ni Clough lò kí wọ́n tó lé e lọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 1975, ó gba iṣẹ́ ní Nottingham Forest, ikọ̀ kan tó wà ní ìpele kejì líìgì. Ní ọdún 1977, wọ́n gòkè sí ìpele kìíní. Ní 1978, wọ́n gba líìgì. Ní 1979 àti 1980, wọ́n gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Yúróòpù tó ga jù lọ lẹ́ẹ̀mejì léra. Ẹnu Clough kò yí padà ní gbogbo àsìkò yìí. Ó ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ ṣàkó, ó ṣì ń bá ènìyàn wí níwájú ènìyàn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ní Forest, ó mú àwọn agbábọ́ọ̀lù kan tó ti bá a ṣiṣẹ́ rí wá. Peter Taylor, igbákejì rẹ̀ tí kò bá a lọ sí Leeds, sì wá bá a níbẹ̀ ní 1976. Àwọn ọmọ tó kù rí i pé àwọn tó mọ̀ ọ́n gbà á gbọ́, eré tiwọn náà sì ń dára sí i lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá wá bú wọn, ẹni tiwọn ló bú wọn.

Ọ̀rọ̀ ìṣírí dà bí àjọ: ẹni tí kò bá dá, kò ní ohun tí yóò kó. Kóòṣì tó ń tètè dé síbi ìgbáradì, tó mọ̀ pé ara ìyá ọmọ kan kò yá, tó bẹ ẹni tó fara pa wò, tó pe ẹni tí kò mú fún eré sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó sì sọ ìdí rẹ̀ fún un, àjọ ló ń dá láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí eré bá le ló máa kó o. Ẹni tí kò dá kọ́bọ̀, kódà bó bá sọ̀rọ̀ bí ayékòótọ́, etí lásán ni yóò gbà á.

Ìrètí tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́

Bí a bá ti gba ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gbọ́, ohun tó kàn ni ohun tó ń sọ. Àpẹẹrẹ kan tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Nàìjíríà ṣì ń rántí ṣẹlẹ̀ ní Istanbul, ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2005. AC Milan ti fi góòlù 3 sí òdo na Liverpool kí ìsinmi tó dé. Paolo Maldini gbá àkọ́kọ́ wọlé kí ìṣẹ́jú kan tó pé, Hernán Crespo sì gbá méjì. Àwọn kan lára àwọn agbábọ́ọ̀lù Liverpool sọ lẹ́yìn náà pé ohun tó wà lọ́kàn wọn nígbà yẹn ni bí ìyà náà kò ṣe ní pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Rafael Benítez, kóòṣì wọn, ọmọ Sípéènì ni. Kò tíì pé ọdún kan tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èdè náà kò sì tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Kò pariwo. Ó ní kí wọ́n gbé orí sókè, kí wọ́n sì rántí àwọn olólùfẹ́ wọn tó wà níta. Wọ́n sì ń gbọ́ orin àwọn olólùfẹ́ náà láti inú yàrá, nítorí pé àwọn ènìyàn náà kò tíì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sórí iṣẹ́. Kaká, agbábọ́ọ̀lù àárín Milan, ló ti ń sáré bó ṣe wù ú láìsí ẹni tó dí i lọ́nà. Benítez mú Dietmar Hamann wọlé kó dúró síwájú àwọn ẹ̀yìn, ó sì tún àwọn ẹ̀yìn tò sí ènìyàn mẹ́ta kí Steven Gerrard lè ráyè lọ síwájú.

Láàárín ìṣẹ́jú 54 sí 60, Gerrard, Vladimír Šmicer àti Xabi Alonso gbá góòlù kọ̀ọ̀kan wọlé. Eré di 3 sí 3, Liverpool sì gba ife náà lẹ́yìn pẹ́nárítì.

Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò ní ìlò púpọ̀ fún "Ẹ lọ jà!" Ó ti mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ jà, ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ni kò mọ̀. Bí a bá sọ fún un pé, "Ìwọ, dúró níbí, ìwọ, má jẹ́ kí ẹni yẹn yí padà," ọwọ́ rẹ̀ a rí iṣẹ́ ṣe, ìbẹ̀rù a sì fún iṣẹ́ láyè. Ọ̀rọ̀ tó bá ní ìrètí láìní iṣẹ́ nínú kì í pẹ́ pòórá. Iṣẹ́ tí kò sì ní ìrètí nínú, ẹsẹ̀ wúwo ni wọ́n fi ń ṣe é.

Ohun mìíràn tó tún ń ran irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni àwòrán tí ojú inú lè rí. Ní àṣekágbá Yúróòpù ti ọdún 1999 ní Barcelona, Bayern Munich ń fi góòlù 1 lé Manchester United. Teddy Sheringham sọ lẹ́yìn náà pé nígbà ìsinmi, Alex Ferguson sọ fún wọn pé bí wọ́n bá pàdánù, wọn yóò rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife náà láti lọ gba mẹ́dà ẹni kejì. Ẹsẹ̀ bàtà 6 péré ni yóò wà láàárín wọn àti ife náà, wọn kò sì ní lè fọwọ́ kàn án. Sheringham wọlé nígbà tí eré ń lọ sópin. Òun àti Ole Gunnar Solskjær ló gbá góòlù méjèèjì wọlé ní àfikún àkókò. Ferguson kò ṣàlàyé bí ìpàdánù ṣe ń dunni. Ó gbé ife náà síwájú wọn, ó sì jẹ́ kí ọwọ́ wọn fúnra rẹ̀ máa yún wọn.

Irọ́ lè gba eré kan

Ọ̀rọ̀ tó lókìkí jù lọ nínú ìtàn eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà ni èyí tí Knute Rockne sọ ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1928. Òun ni kóòṣì ikọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti Yunifásítì Notre Dame. Wọ́n ti pàdánù eré 2 ní sáà náà, wọ́n sì ń kojú ikọ̀ àwọn ológun, Army, ní New York. Rockne sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nípa George Gipp, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù Notre Dame tó kú ní oṣù kejìlá ọdún 1920 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 25. Ó ní lórí ibùsùn ikú, Gipp bẹ òun pé lọ́jọ́ kan tí nǹkan bá le, kí òun sọ fún àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n gba eré kan fún òun. Notre Dame borí, 12 sí 6. Wọ́n fi ìtàn náà ṣe sinimá ní ọdún 1940, Ronald Reagan tó di ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà ló sì ṣe Gipp nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ òpìtàn ló ń ṣiyèméjì pé Gipp sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Rockne kì í sì í ṣe ẹni tí irọ́ fún ìṣírí ṣòro fún. Àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ rẹ̀ sọ pé ní ọdún 1922, ó ka wáyà kan sétí wọn pé ọmọ òun kékeré, Billy, wà nílé ìwòsàn, pé ọmọ náà fẹ́ kí wọ́n borí. Wọ́n lọ, wọ́n jà fitafita, wọ́n sì borí. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gbé wọn padà dé ilé, Billy wà lára àwọn tó wá pàdé wọn, ara rẹ̀ le koko.

Irọ́ náà ṣiṣẹ́, a kò lè sẹ́ ẹ. Àmọ́ ohun tí àwọn tó ń sọ ìtàn Gipp kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà ni pé eré méjì tó tẹ̀ lé ti Army ní sáà yẹn, Notre Dame pàdánù méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tó ń fa omijé lè gba ọ̀sán kan, kò lè gba sáà. Yorùbá sì ti sọ ọ́ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá rí Billy níbi tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí, ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà ti dínkù ní iye.

Òótọ́ máa ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìjẹ gbèsè. Ìyá Yorùbá tó bá ń ki ọmọ rẹ̀ lóríkì kí ó tó lọ síbi ìdíje kò hùmọ̀ nǹkan kan. Àwọn tó ti lọ ló ń dárúkọ, ohun tí wọ́n ṣe ló ń tọ́ka sí, ọmọ náà sì mọ̀ pé àwọn baba òun ni. Orí a wú u nítorí pé ẹ̀rí ni wọ́n ń kà sí i létí. Ikọ̀ Nàìjíríà pẹ̀lú ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1989, ní Dammam ní Saudi Arabia, àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé 20, tí Tunde Disu jẹ́ kóòṣì wọn, jẹ góòlù 4 lọ́wọ́ Soviet Union láìrí ìkankan dá padà. Lẹ́yìn wákàtí kan eré ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà. Christopher Ohenhen gbá 2, Samuel Elijah gbá 1, Nduka Ugbade gbá 1, wọ́n sì borí pẹ̀lú pẹ́nárítì. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ikọ̀ Nàìjíríà tó wà lẹ́yìn pé "A ti ṣe é rí," kò parọ́. Àwọn obìnrin tó wà ní Rabat tilẹ̀ ní tiwọn: ìgbà mẹ́sàn-án ni orílẹ̀-èdè wọn ti gba ife náà kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Ìbáwí ní ìwọ̀n

Ṣé ó yẹ kí kóòṣì bínú? Àwọn olùwádìí kan tí Barry Staw ti Yunifásítì California ní Berkeley ṣáájú wọn gba ohùn ọ̀rọ̀ 304 sílẹ̀ tí àwọn kóòṣì sọ nígbà ìsinmi. Ikọ̀ 23 ni wọ́n lò, ti iléèwé girama àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó ń ṣe básíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ jù sínú àwọ̀n. Wọ́n wá fi bí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ṣe sí lẹ́yìn ìsinmi wéra. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2019 ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Nígbà tí kóòṣì bá fi hàn pé inú òun kò dùn, ikọ̀ náà sábà máa ń ṣe dáadáa sí i lẹ́yìn ìsinmi, kódà bó bá jẹ́ pé àwọn ló ń borí tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ó ní ibi tó mọ. Bí ìbínú náà bá kọjá ààlà, tó di èébú àti ìfọ́rílé, eré wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Ìbínú tó mọ níwọ̀n ń sọ fún ọmọ pé, "Mo mọ̀ pé agbára rẹ ju èyí lọ." Ìbínú tó kọjá ààlà ń sọ pé, "O kò wúlò." Àwọn àgbà ti mọ ìwọ̀n yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nígbà tí wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Kóòṣì tó ń fi ọwọ́ méjèèjì lu ọmọ kò ní ọwọ́ tí yóò fi fà á mọ́ra.

Nítorí ta ni?

Ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 2019, South Africa na ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì 32 sí 12 ní Yokohama, ní Jàpáànì, wọ́n sì gba Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti rọ́gíbì. Siya Kolisi, ọmọ Zwide, àdúgbò àwọn òtòṣì ní Port Elizabeth, ló gbé ife náà sókè. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe balógun ikọ̀ náà nínú ìdíje àgbáyé.

Lẹ́yìn eré, kóòṣì wọn, Rassie Erasmus, sọ fún àwọn oníròyìn ohun tí wọ́n ti ń bá ara wọn sọ. Ó ní àwọn jíròrò lórí ohun tí à ń pè ní ìnira. Ó ní ní South Africa, ìnira ni kí ènìyàn má rí iṣẹ́ ṣe, ìnira ni kí wọ́n pa ìbátan ẹni. Rọ́gíbì kò yẹ kó jẹ́ ohun tó ń fa ìnira. Ìrètí ló yẹ kó máa fún àwọn ènìyàn.

Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ni pé ó gbé ẹrù kan sọ̀ kalẹ̀ lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù, ó sì fi ìdí kan rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ń rò pé bí òun bá pàdánù ayé òun bàjẹ́, ara rẹ̀ a le gbagidi. Ẹni tó ń rò pé òun ń ṣeré kí inú ẹnìkan nílé lè dùn, ara rẹ̀ a tú. Erasmus lè sọ ọ́ nítorí pé òótọ́ ni, àwọn tó wà nínú yàrá náà sì ti fojú ara wọn rí ìnira tó ń wí.

Ọ̀rọ̀ lè tilẹ̀ jáde láti yàrá ìmúra lọ bá orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 2005, Ivory Coast na Sùdáánì 3 sí 1 ní Omdurman. Kamẹrúùnù gbá ọ̀mì pẹ̀lú Íjíbítì lọ́jọ́ kan náà, ni Ivory Coast bá yege fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 ni ogun abẹ́lé ti pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì: àwọn ọlọ̀tẹ̀ di àríwá mú, ìjọba di gúúsù mú. Nínú yàrá ìmúra, Didier Drogba gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn níwájú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n, àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ sì yí i ká. Ó kí àwọn ará ilé láti àríwá, gúúsù, àárín gbùngbùn àti ìwọ̀ oòrùn. Ó ní àwọn ti fi hàn pé ọmọ gbogbo agbègbè lè wà pọ̀, kí wọ́n sì jọ lépa ohun kan. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn kúnlẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dárí ji ara wọn, kí wọ́n kó ohun ìjà sílẹ̀, kí wọ́n sì ṣètò ìdìbò.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, gbogbo ohun tó ń mú ọ̀rọ̀ wọlé ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹlẹ́rìí rẹ̀ dúró tì í, nítorí pé àwọn ọmọ àríwá àti ọmọ gúúsù wà lára ikọ̀ náà. Ó sọ ọ́ lásìkò tí ìdùnnú ti ṣí ọkàn gbogbo ènìyàn. Ohun tó béèrè ṣe kedere. Ìràwọ̀ tí gbogbo ayé ń wárí fún sì fi eékún rẹ̀ kanlẹ̀.

Drogba kò sì fi mọ sẹ́nu. Nígbà tí Ivory Coast fẹ́ kojú Madagascar ní oṣù kẹfà ọdún 2007, lẹ́yìn tí wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní Ouagadougou, òun ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbá eré náà ní Bouaké, ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀. Wọ́n gbá a níbẹ̀, wọ́n sì borí, 5 sí òdo. Síbẹ̀, àṣejù ni bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ Drogba nìkan ló parí ogun. Àwọn tó ń dá sí ọ̀rọ̀ náà láàárín ìjọba àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀. Lẹ́yìn ìdìbò ìparí ọdún 2010, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀, nǹkan bí 3,000 ènìyàn sì kú. Ọ̀rọ̀ lè mú kí àwọn ènìyàn dúró fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n wo ojú ara wọn. Ohun tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn náà kò sí lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́.

Ní ẹ̀gbẹ́ pápá iléèwé

Ní ọ̀pọ̀ pápá iléèwé, ohùn tó ń dún jù lọ kì í ṣe ti kóòṣì. Ti òbí ni. "Sáré! Ṣé o ti kú ni?" "Wo ẹgbẹ́ rẹ!" Ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá kò gbọ́ ìfẹ́ nínú rẹ̀. Ohun tó ń gbọ́ ni pé ojú ti bàbá òun.

Frank Smoll àti Ronald Smith ti Yunifásítì Washington ní Seattle fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí àwọn kóòṣì ṣe ń bá àwọn ọmọdé tó ń ṣe eré baseball sọ̀rọ̀. Wọ́n kọ́ àwọn kóòṣì kan ní nǹkan díẹ̀: kí wọ́n yin ìsapá, kì í ṣe àṣeyọrí nìkan, bí ọmọ bá ṣàṣìṣe, kí wọ́n kọ́kọ́ gbà á níyànjú, kí wọ́n tó fi bó ṣe yẹ kó ṣe é hàn án, kí wọ́n má fi ọmọ ṣẹ̀sín láé. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1992, ọmọ 26 nínú 100 tó wà lábẹ́ àwọn kóòṣì tí wọn kò kọ́ ni kò padà wá ní sáà tó tẹ̀ lé e. Lábẹ́ àwọn tí wọ́n kọ́, 5 péré nínú 100 ni kò padà. Ìyàtọ̀ yẹn kò sì wá láti ara eré tí wọ́n borí, nítorí pé ìkankan nínú ìsọ̀rí méjèèjì kò borí ju èkejì lọ.

Ohun tó wà nílẹ̀ níyẹn. Ọ̀rọ̀ tí kò dára kì í pàdánù eré òní nìkan. Ó lè lé ọmọ kúrò lórí pápá pátápátá, kí àgbà náà má sì mọ̀ pé òun ló lé e.

Nítorí náà, kí òbí tàbí olùkọ́ tó lanu, ìbéèrè mẹ́rin ló yẹ kó bi ara rẹ̀. Ṣé ọmọ yìí mọ̀ pé mo fẹ́ràn òun, bó borí bí kò borí? Ṣé òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ, tàbí mo kàn fẹ́ kó sáré? Ṣé iṣẹ́ kan ṣoṣo wà nínú ọ̀rọ̀ mi tó lè ṣe ní ìṣẹ́jú márùn-ún tó ń bọ̀? Ṣé nítorí ara rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kó borí, tàbí nítorí tèmi?

Ọ̀rọ̀ bíi "Bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ, tètè padà sẹ́yìn, ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ rí lónìí" kò lè wọ inú sinimá. Kò sí ẹni tí yóò sunkún tó bá gbọ́ ọ. Àmọ́ ọmọ náà yóò mọ ohun tó kàn láti ṣe, yóò sì ṣe é.

Bó bá sì ṣe é tí wọ́n tún pàdánù, ìrìn àjò ilé ṣì wà níwájú. Nínú ọkọ̀ tàbí lórí ọ̀kadà, ọmọ náà á dákẹ́, á máa retí ohun tí àgbà máa sọ. Àjọ eré tó ń bọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ yẹn.